Ọkùnrin Ẹnu Ààrò

Búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì Ìyá Awáṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi èékánná ha á, èédú já bọ́ sórí tábìlì. Ó tún ha á, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bu díẹ̀ nínú ibi tó ṣì funfun, ó sì jẹ ẹ́. Ó dùn lẹ́nu. Ohun tó dà á láàmú gan-an nìyẹn: ẹni tó mọ búrẹ́dì í ṣe báyìí, kí ló dé tó fi ń jẹ́ kó jóná?

Awakọ̀ ilé búrẹ́dì ló gbé e wá, pẹ̀lú iṣẹ́ tí Ọ̀gá ibẹ̀ rán an: "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ tẹ́ ẹ mú wá fún wa. Òní nìkan ló kù fún un. Bí òmíràn bá tún jóná, kó máa bá yín lọ."

Iṣẹ́ Ìyá Awáṣẹ́ ni kó máa bá àwọn tí kò níṣẹ́ wá iṣẹ́. Yàrá kan ló ń lò nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta, bẹ́ǹṣì inú rẹ̀ kì í sì í ṣófo. Ẹni tí kò níwèé ẹ̀rí, ẹni tó ti pẹ́ nílé, ẹni tí ojú ń tì láti sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá, gbogbo wọn ló ń gbà. Á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kíni, á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè. Bó bá ti fẹ́ parí, á gbọn ìka sí wọn lójú: "Ẹ má kọ iṣẹ́ fún àgbà o. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni." Wọ́n á ní, bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Nínú gbogbo wọn, ayanbúrẹ́dì yìí ni kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Ilé búrẹ́dì kẹta rèé. Níbi méjì àkọ́kọ́, búrẹ́dì ń jóná, wọ́n sì lé e. Kò sí ilé búrẹ́dì mìíràn tó ṣẹ́ kù nítòsí tó ń lo ààrò onígi. Bí wọ́n bá lé e níbí, ó di kó padà sílé lọ jókòó ti ìyàwó àtàwọn ọmọ, kí ọwọ́ tó mọṣẹ́ máa wà lásán.

Oníkálùkù ti sọ tirẹ̀. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ní oorun ló ń kùn ún. Èkejì ní bóyá ọtí ni. Ọkọ Ìyá Awáṣẹ́ sọ nídìí oúnjẹ pé àfàìmọ̀ kí imú ọkùnrin náà má ti dí, kó má máa gbọ́ òórùn èéfín. Atọpinpin ni Ìyá Awáṣẹ́, kì í sì í fi pamọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà tún wá kí i, ó ti fi àlùbọ́sà kan pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Ọkùnrin náà kò tíì jókòó tó fi ní, "Mà, àlùbọ́sà yín ti fẹ́ bàjẹ́ o." Imú rẹ̀ dá ṣáṣá.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Awáṣẹ́ ní kí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì padà wá lọ́la, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bá awakọ̀ náà lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ilé búrẹ́dì náà gùn, ó ṣókùnkùn díẹ̀, ìyẹ̀fun sì ti bo ohun gbogbo. Bàbá kan tó ń po ìyẹ̀fun dúró nídìí pákó gbọọrọ kan. Ìyá Ọlọ́ràá, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kíki búrẹ́dì sínú ọ̀rá, jókòó lẹ́nu ọ̀nà láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀. Lápá ìsàlẹ̀ pátápátá ni ààrò wà, ayanbúrẹ́dì sì dúró níwájú rẹ̀. Bó ṣe rí Ìyá Awáṣẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìyẹ̀fun.

"Ẹ káàárọ̀, mà! Ṣé èmi lẹ wá wò?"

"Ààrò ni mo wá wò. Máa ṣe iṣẹ́ rẹ, ṣe bí ẹni pé n kò sí níbí."

Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun kan, ó ń wò ó. Ọkùnrin náà na apá sẹ́nu ààrò, ó fi awọ ara wọn ooru rẹ̀, ó fa igi kan yọ kúrò nínú iná, ó wá ń fi ọ̀pá gbọọrọ ti abọ́ búrẹ́dì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kánjú, kò sì falẹ̀. Kò sí oorun lójú rẹ̀, kò sí ọtí lẹ́nu rẹ̀. Kí ló wá kù?

"Mò-ń-Bọ̀!" Bàbá Apòyẹ̀fun ló ké bẹ́ẹ̀.

"Mò ń bọ̀, sà!"

Kí Ìyá Awáṣẹ́ tó ṣẹ́jú, ayanbúrẹ́dì ti fi ọ̀pá sílẹ̀, ó ti ń bá bàbá náà gbé àpò. Ó sáré padà, ó wo inú ààrò, ó yí abọ́ méjì.

"Mò-ń-Bọ̀, ọmọ dáadáa," ni Ìyá Ọlọ́ràá wí, "bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ tó wà lókè yẹn sọ̀."

"Mò ń bọ̀, mà!"

Awakọ̀ ní kó wá bá òun ti ọkọ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ yọjú láti ọ́fíìsì, ó ní kó wá bá òun sún tábìlì. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Wọn kò rántí orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́, ìdáhùn ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sọ di orúkọ fún un. Kò sì sí èyí tó burú nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an. Iṣẹ́ kéékèèké ni, irú èyí tí àgbà ń rán àbúrò, tí wọ́n á sì fi ṣàdúrà fún un.

Ooru ti mú ọ̀fun Ìyá Awáṣẹ́ gbẹ. Ohun tó ń wò yìí ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀, ni ẹnu rẹ̀ bá dá sọ̀rọ̀: "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, bá mi bu omi wá."

"Mò ń bọ̀, mà!"

Ẹ̀yìnkùlé ni omi wà. Ọkùnrin náà fọ ife, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un fọ̀. Ó wá àwo tí yóò fi gbé e. Iṣẹ́ ẹrú ni wọ́n rán an, ó sì ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nígbà tó fi máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi náà dé, èéfín ti ń tú jáde lẹ́nu ààrò.

Ìyá Awáṣẹ́ gba omi náà. Kò lè mu ún.

Ọ̀gá já wọlé. "Ẹ rí i báyìí? Ó ṣojú yín kòró!"

"Ọ̀gá, èmi ni mo rán an níṣẹ́."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi ni. Ẹ̀yin náà sì ti rán an kí n tó rán an."

"Ẹni tó mọṣẹ́ yẹ kó mọ ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ kúrò nídìí ẹ̀," ni Ọ̀gá wí. "N kò lè máa so ó mọ́lẹ̀. Búrẹ́dì ilé ìwòsàn ló kàn. Bí ìyẹn náà bá jóná, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ mú un máa lọ."

Ìyá Awáṣẹ́ pe ayanbúrẹ́dì lọ sẹ́yìnkùlé. "Kí ló dé tí o kì í sọ fún wọn pé ọwọ́ rẹ dí?"

Ọkùnrin náà ń wolẹ̀. "Àgbà ni wọ́n, mà. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má kọ iṣẹ́ fún àgbà."

Ìyá Awáṣẹ́ fẹ́ sọ pé òun kò sọ ọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n báyìí gan-an ló ṣe máa ń sọ ọ́, pẹ̀lú ìka nínà, fún gbogbo ẹni tó bá jókòó níwájú rẹ̀.

"Ó tún ku ọ̀kan, mà," ni ọkùnrin náà wí. "Nígbà tí mi ò níṣẹ́, tí mo bá jókòó láàárín èèyàn, ṣe lojú wọn máa ń fò mí. Kò sẹ́ni tó ń pè mí. Ní báyìí, wọ́n ń pè mí. Tí wọ́n bá ti pè mí báyìí, ẹsẹ̀ mi á ti gbéra kí n tó ronú."

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Awáṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ti ẹni yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Dídáhùn ló ń dáhùn jù.

"Ó dáa, jẹ́ ká dán an wò. Èmi ni Bàbá Apòyẹ̀fun. Mò-ń-Bọ̀, wá bá mi gbé àpò!"

"Mò ń... Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní..." Ó ti dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán.

"Dìde ńlẹ̀! Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún àpò?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe. "Rárá" kọ̀, kò jáde lẹ́nu ọkùnrin náà, àfi bí ẹni pé bàbá tó bí i ni wọ́n ní kó bú. Ìyá Awáṣẹ́ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn.

"Ta ló tiẹ̀ ní kó o kọ̀ fún wọn?" ló wí níkẹyìn. "Ìwọ kọ́ lo kọ̀. Búrẹ́dì ni kò jẹ́."

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. "Búrẹ́dì ni kò jẹ́."

"Fi ohùn tútù sọ ọ́. Má sì kúrò níbi tó o dúró sí."

Búrẹ́dì ilé ìwòsàn wọ ààrò. Kò pẹ́ rárá.

"Mò-ń-Bọ̀!"

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà gbéra. Ó fi ọ̀pá gúnlẹ̀, ó dì í mú. "Ẹ má bínú, Bàbá. Búrẹ́dì ò jẹ́."

"Kí ni búrẹ́dì ṣe?"

"Ò jẹ́ kí n wá, sà. Tó bá ti jáde, mà á wá."

Bàbá Apòyẹ̀fun wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tí yóò bá a jẹ́rìí sí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. "Ọmọ ayé òde òní!" ló wí, ó sì wọ́ àpò náà fúnra rẹ̀. Ìyá Ọlọ́ràá ń fi í rẹ́rìn-ín, títí òun náà fi pè é, tó gbọ́ pé búrẹ́dì ò jẹ́, ló bá yọ ṣùtì ètè.

Ìgbà yẹn ni ohùn Ọ̀gá wá láti ìta. "Mò-ń-Bọ̀! Oníbàárà ti dé! Wá ṣí géètì!"

Ìyá Awáṣẹ́ yíjú sí ààrò. Ọ̀gá tó ń sanwó ló ń pè yìí! Ó fẹ́ ṣẹ́jú sí ọkùnrin náà pé kó sáré lọ, kó tètè bọ̀. Ó sì ń gbọ́ òórùn búrẹ́dì tó ti ń sún mọ́ jíjinná. Ó fi eyín di ètè rẹ̀ mú. Òógùn bo ojú ayanbúrẹ́dì.

"Ẹ má bínú, Ọ̀gá mi." Ó di ọ̀pá mú. "Búrẹ́dì ò jẹ́."

Ọ̀gá wọlé tìbínú-tìbínú, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń fa búrẹ́dì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pọ́n, wọ́n ń dán. Ọ̀gá mú ọ̀kan, ó fi ìka kan ìdí rẹ̀, ó tẹ́tí sí i. Ó jáde lọ ṣí géètì fúnra rẹ̀.

Nígbà tó padà, ó ní, "Gba aṣọ iṣẹ́ tìrẹ lọ́wọ́ Ìyá Ọlọ́ràá. Kó o tètè dé lọ́la."

Inú Ìyá Awáṣẹ́ dùn débi pé díẹ̀ ló kù kó jó. Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára, ó ní, "Mò ń lọ o," ó sì dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kúkú ń sin àgbà tó wá kíni sọ́nà. Ẹni tó wáṣẹ́ fúnni wá ńkọ́? Ó kéré tán, dé títì.

Ayanbúrẹ́dì ti ń ti abọ́ mìíràn wọ ààrò. Ó yíjú díẹ̀. "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ẹ má bínú, mi ò ní lè sìn yín. Búrẹ́dì ò jẹ́."

Ìyá Awáṣẹ́ yíjú padà pátápátá. Èmi? Èmi tí mo gbé e débí? Ó ti la ẹnu tán kó tó rí i pé Bàbá Apòyẹ̀fun ń wo òun láti ìdí pákó rẹ̀, pẹ̀lú ojú ẹni tó mọ bó ṣe ń dunni tó. Ó pa ẹnu dé. Ohun tó ní kí ọkùnrin yẹn máa sọ fún gbogbo wọn láti ọ̀sán nìyí, kò sì mọ̀ pé ó wúwo tó báyìí.

"Ó dáa," ló wí. "Máa wo iná rẹ."

Òun nìkan ló dá rìn dé títì.