Ìbéèrè Kẹtàlá

Ìwọ tí ò ń ka èyí, gbọ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní kí o fi ọkọ̀ gbé òun dé ibì kan, tí ó bá sì sọ pé kí o má ṣe pa ẹ́ńjìnnì, pa á. Yọ kọ́kọ́rọ́. Sọ̀kalẹ̀, kí o máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, ìbáà jẹ́ nínú yìnyín. Má ṣe rò pé nítorí o kò bá a wọlé, o kò sí níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ náà wà níbẹ̀.

Orville Teague kò mọ èyí. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń gé itan adìẹ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìẹ. Ìwé rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ẹni tó jẹ́ pé bó bá wọ yàrá, ibi tí ilẹ̀kùn wà ló kọ́kọ́ máa ń wò. Lonnie Vance ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Lonnie ní kí ó fi píkọ́ọ̀pù gbé òun lọ sí oko ọkùnrin kan. Ó ní ayùn ẹlẹ́rọ òun wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kò fẹ́ dá a padà, òun máa lọ mú un fúnra òun, ọkùnrin náà kò sì sí nílé. Orville dúró sínú ọkọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Lonnie já ilẹ̀kùn abà. Ọkùnrin náà wà nílé. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Orville sáré wọ inú abà, ó gbé orí Lonnie lé itan, bẹ́ẹ̀ ló wà títí ọlọ́pàá fi dé.

Ta wá ni apànìyàn? Ẹni tó yìnbọn kò jẹ̀bi, ilé rẹ̀ ló gbèjà. Lonnie ti kú. Ó ku ẹnì kan. Òfin ibẹ̀ ní bí ẹ̀mí bá bọ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́lé, gbogbo ẹni tó bá wọn lọ ló pa á. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn nìyẹn: Orville Teague ló pa Lonnie Vance.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan gbé kọfí gbígbóná fún un, ó sì bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Ó kà á sí i létí pé ó lè dákẹ́ bó bá fẹ́. Orville rò pé ẹni tó bá dákẹ́ ni wọ́n máa fura sí. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ó ní òun mọ̀ pé Lonnie máa já ilẹ̀kùn. Ó ṣáà fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun kì í ṣe òpùrọ́. Gbólóhùn kan yẹn ni wọ́n fi so ó mọ́ òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n gbé e wá sí kóòtù, inú yàrá ìdúró tó wà nísàlẹ̀ ilé ẹjọ́ ni wọ́n fi í sí pẹ̀lú bàbá kan tí gbogbo ẹlẹ́wọ̀n ń pè ní Díákónì. Kì í ṣe pé ó ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ o. Ó kàn jẹ́ pé bí àwọn èèyàn ṣe mọ ètò ìsìn lórí ni òun ṣe mọ ètò kóòtù lórí.

"Jókòó, àbúrò," ni Díákónì wí. "Láti àárọ̀ lo ti ń rìn kiri bí adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin."

"Adìẹ tí èmi mọ̀," ni Orville wí, "kò sí èyí tó ń rìn mọ́ nínú wọn."

Díákónì rẹ́rìn-ín. Ó yọ ẹran bọ̀lóńyà kúrò nínú búrẹ́dì rẹ̀, ó wò ó, ó dá a padà. "Ṣé o ti mọ ohun tí o máa sọ?"

"Ẹ tún un sọ fún mi."

"Ìbéèrè mẹ́tàlá ni Adájọ́ Hasbrouck máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dáhùn wọn, kò yí ọ̀kan padà rí. Ṣé o mọ̀wé kà, ṣé orí rẹ pé, ṣé o mọ̀ pé o lè ní kí àwọn èèyàn méjìlá gbọ́ ẹjọ́ rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èyí tó gbẹ̀yìn ni kí o fọkàn sí. Á ní: ṣé ẹnikẹ́ni halẹ̀ mọ́ ọ, àbí wọ́n fipá mú ọ, kí o tó gbà?"

"Kí ni kí n sọ?"

"Rárá, sà."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí mi ò bá gbà, ẹ̀wọ̀n ni màá kú sí."

"Mo gbọ́. Rárá, sà."

"Ìyẹn kì í ṣe ìhàlẹ̀?"

"Ìdúnàádúrà ni wọ́n ń pè é níbí. Adájọ́ mọ̀. Agbẹjọ́rò rẹ mọ̀. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ kóòtù mọ̀. Ìwọ nìkan ni kò tíì mọ̀. Bí ẹnì kan bá pàdé rẹ lọ́nà, tó ní ṣé dáadáa lo wà, ṣé o máa ń sọ fún un pé eyín ń dùn ọ́ ni?"

Nínú ìjọ tí ìyá Orville ti tọ́ ọ, wọn kì í búra rárá. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, rárá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ rárá. Ọmọ tó bá fi ọ̀kan sí ipò èkejì, ebi ni yóò fi sùn lọ́jọ́ náà. Ó ti kúrò nínú ìjọ náà tipẹ́, àmọ́ ìjọ náà kò kúrò nínú rẹ̀.

"Òfin tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe yẹn ńkọ́?" ni ó béèrè.

"Mo wo àwọn aṣòfin nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní kí wọ́n má fọwọ́ kan èyí tó wà nílẹ̀, pé ó ń dẹ́rù ba olè." Díákónì mi orí. "Ogójì ọdún ni mo fi jalè, àbúrò. Mi ò gbọ́ pé òfin yẹn wà títí ìwọ fi dé."

Ilẹ̀kùn ṣí. Agbẹjọ́rò Pickard ló wọlé, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ìjọba yàn láti gbèjà rẹ̀. Fáìlì kún apá rẹ̀ títí dé àgbọ̀n.

"Ọ̀gbẹ́ni Teague, ẹ̀wọ̀n ọdún méjìdínlógún ṣì ni, bí ẹ bá gbà pé ẹ jẹ̀bi. Olùpẹjọ́ ní títí di aago méjìlá ọ̀sán òní. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ìdúnàádúrà mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúró de Ọjọ́bọ̀."

"Mo mọ̀." Ó jókòó. "Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Òfin tí wọ́n fẹ́ ṣe náà sọ pé ẹni tí kò pànìyàn, tí kò sì gbèrò ìpànìyàn, ẹ má pè é ní apànìyàn mọ́. Ilé aṣòfin kékeré ti gbà á. Ilé aṣòfin àgbà máa dìbò ní Ọjọ́bọ̀. Àmọ́ ẹni tí wọn ò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀ nìkan ló máa kàn. Bí ẹ bá gbà lónìí, òní ni wọ́n máa dájọ́ yín. Ì báà jẹ́ ọ̀la ni wọ́n ṣòfin náà, kò kàn yín mọ́."

"Bí mo bá dúró, tí wọn ò ṣe é ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, a máa wà níwájú àwọn méjìlá. Wọ́n á fi fídíò ohun tí ẹ sọ hàn wọ́n. Bí wọ́n bá ní ẹ jẹ̀bi, adájọ́ kò ní ọ̀nà míràn. Títí ayé ni, láìsí ìdásílẹ̀."

Orville ṣírò rẹ̀. Mọ́kàndínláàádọ́ta àti méjìdínlógún. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni yóò jẹ́. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn fún un, á rìn jáde, ó kéré tán. Ẹ̀rù Ọjọ́bọ̀ bà á ju ẹ̀rù ọdún méjìdínlógún lọ.

"Kí lẹ̀yin máa ṣe, ká ní ẹ̀yin ni?"

Pickard kọ́kọ́ wo ilẹ̀. "Màá gbà," ni ó wí. "Kí Ọlọ́run dárí jì mí, màá gbà."

Wọ́n mú un gòkè. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ yí ìbàdí rẹ̀ ká, ó so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ikùn. Ó rí ilẹ̀kùn mẹ́ta, ẹ̀ṣọ́ méjì, àsíá kan. Ìyá Lonnie wà ní ìjókòó iwájú lẹ́yìn olùpẹjọ́. Aṣọ dúdú tó wọ̀ síbi ìsìnkú ló tún wọ̀. Kò wo Orville. Ní apá kejì, Nadine ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé, ń mi orí sí i pé rárá, rárá. Obìnrin yìí ti wakọ̀ wákàtí márùn-ún lọ sí olú ìlú láti bẹ àwọn aṣòfin. Ó sọ fún Orville lórí fóònù pé: "Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún mi. Mo sọ tèmi tán ní ìṣẹ́jú kan, mo fi èyí tó kù wo ojú wọn."

Akọ̀wé kóòtù ní kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kò jẹ́ kí ó kọjá àyà. Ó ní òun kì í búra. Wọ́n ní kò burú, kí ó ṣèlérí pé òótọ́ ni òun máa sọ. Ó ṣèlérí.

Ọ̀fìnkìn ń ṣe Adájọ́ Hasbrouck. Ó ń fi aṣọ pélébé nu imú, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti ẹni tó fẹ́ tètè lọ mu tíì. Ìbéèrè ń bọ̀ tẹ̀lé ara wọn, bí Díákónì ṣe kà wọ́n gẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òógùn ń ṣàn sí ojú Orville, kò lè nù ún.

"Ọ̀gbẹ́ni Teague, ṣé ẹnikẹ́ni halẹ̀ mọ́ yín, tàbí fipá mú yín, kí ẹ tó gbà pé ẹ jẹ̀bi?"

Orville la ẹnu. Ó wo adájọ́ náà. Ojú àgbàlagbà ni, ojú tó ti rẹ̀, kì í ṣe ojú ìkà.

"Sà, ṣé ẹ fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni?"

Ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ gbójú sókè. Pickard fọwọ́ kan apá rẹ̀.

"Mo fẹ́ mọ̀," ni adájọ́ wí, torí kò sí ohun míràn tí ó lè sọ.

"Wọ́n ní bí mi ò bá gbà, ẹ̀wọ̀n ni màá kú sí. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tó jẹ́ kí n wà níbí nìyẹn."

Adájọ́ gbé bírò sílẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun kò lè gbà á pé ó jẹ̀bi. Ẹni tó bá gbà gbọ́dọ̀ gbà tinútinú. Pickard bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Aago ara ògiri sọ pé ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù.

Ẹ̀gbẹ́ igi tó pààlà láàárín wọn àti àwọn ìjókòó ni wọ́n dúró sí. "Ọ̀gbẹ́ni Teague," ni Pickard ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, "kì í ṣe pé wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín lóòótọ́. Ṣé ó yé yín? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹ padà síbẹ̀, ẹ ní ẹ̀rù ló bà yín, pé kò sẹ́ni tó fipá mú yín."

"Ẹ̀gbọ́n mi ní..."

"Orville." Nadine ti na ọrùn kọjá igi náà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ funfun. "Àbúrò mi, sọ ọ́. Sọ ohun tí wọ́n fẹ́."

"Ẹ ní kí n dúró de Ọjọ́bọ̀."

"Kò sí Ọjọ́bọ̀ mọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti olú ìlú ni. Wọ́n ti yọ òfin náà kúrò nínú ètò ìdìbò. Wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀." Ó di apá aṣọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ mú. Ẹ̀ṣọ́ ní kí ó fi í sílẹ̀, kò fi í sílẹ̀. "Mo purọ́ fún ọ ni, mi ò mọ̀. Ọdún méjìdínlógún, màá ṣì wà láyé. Màá wá pàdé rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀ ọ́."

Kò tíì gbọ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni rí. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ó dáa."

Wọ́n dá a padà síwájú. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Adájọ́ nu imú, ó tún ìbéèrè kẹtàlá kà láti inú ìwé, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, kò fi ọ̀kan kún un.

Rárá náà dé ọ̀fun Orville. Ó fẹ́ sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìgboyà ni, ìtọ̀ ti ń gbọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ó rí ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré náà fẹ́ ṣe. Bó bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ nìyẹn. Òun ló pa Lonnie, òun ló yan ọdún méjìdínlógún, tinútinú, kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Ọwọ́ gbogbo wọn á mọ́. Tirẹ̀ nìkan ni ẹ̀jẹ̀ máa wà lára rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì ti fi í síbẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Teague?"

Ó mi orí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ni, tàbí rárá.

"Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ̀rọ kò lè tẹ orí mímì."

Lẹ́yìn rẹ̀, Nadine ń pe orúkọ rẹ̀. Pickard ti di ojú. Ìyá Lonnie gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì wò ó.

"Mo ti dáhùn, sà," ni Orville wí. "Òótọ́ tí mo ṣèlérí, mo ti sọ ọ́. Mi ò ní sọ nǹkan kan mọ́."

Adájọ́ bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì bi í lẹ́ẹ̀kẹrin. Agbẹjọ́rò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sunkún títí ẹ̀ṣọ́ fi mú un jáde. Aago méjìlá lù. Orville dúró síbẹ̀, ó pa ètè dé, òógùn ń ṣàn sí i lójú, kò sì fọhùn.