Orúkọ Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀

Rahmah, tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀ ní yunifásítì ní New Cross ní London, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Àsúmáù pé ìjọba gbé owó kalẹ̀ fún ọ̀nà tuntun láti tọ́jú ohun àtijọ́. Ó ní wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ń gba fọ́tò àti ìtàn àwọn èèyàn sílẹ̀ wá sí gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Rye Lane, kí ó mú fọ́tò Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀ lọ kí owó náà tó tán, kí wọ́n tó kó ẹ̀rọ wọn lọ.

Bí Àsúmáù ṣe wá jókòó síwájú ẹ̀rọ nìyẹn ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, tààrà láti ibi iṣẹ́, tí oorun ń kùn ún. Nínú fọ́tò, obìnrin kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹja, ó fọwọ́ lé ìbàdí. Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ Àsúmáù. Ó ta ẹja títí omi dídì fi mú ọwọ́ rẹ̀ wú. Òun ló tọ́ àwọn ọmọ Àsúmáù nígbà tí ìyá wọn ń ṣiṣẹ́ òru. Kò bímọ kó tó kú.

Àsúmáù sọ gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá ku orúkọ tí yóò wà lábẹ́ fọ́tò.

"Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀," ni Àsúmáù wí.

Moyinolúwa, ọmọbìnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà, mi orí. "Mummy, nickname nìyẹn. Orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù wọn ni ẹ̀rọ fẹ́."

Àsúmáù ṣàlàyé pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìdí nìyẹn tí òun fi sọ wọ́n ní Ìbàdí-Ìlẹ̀kẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí òun ti wọlé.

"Ṣebí wọ́n ti kú, Mummy?"

"Torí pé wọ́n ti kú ni mi ò ṣe lè tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn."

Ọmọbìnrin náà rọra sọ pé, tí kò bá sí orúkọ, "obìnrin kan tí a kò mọ̀" ni ẹ̀rọ yóò kọ síbẹ̀.

Àsúmáù pe Sherifdeen, ọmọ rẹ̀, lórí fóònù. Ọmọ ilé ni, ẹnu tirẹ̀ lè pe orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

"Big Mummy kẹ̀?" ni Sherifdeen wí. "Wọ́n tún ní orúkọ mìíràn ni?"

Àsúmáù gbé fóònù sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò sí ẹnu tí orúkọ náà tún kù sí mọ́ àfi ẹnu tí kò gbọdọ̀ pè é.

Ó dìde, ó sì kúnlẹ̀ síwájú fọ́tò náà. Moyinolúwa rò pé ó fẹ́ ṣubú, ó nawọ́ láti dì í mú.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú sí ìyàwó yín." Ó wá pè é: "Mìsítúrà Àjọkẹ́ Alébíoṣù."

Orúkọ náà yọ lábẹ́ fọ́tò. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é padà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó gbọ́ ọ dáadáa: Mìsítúrà. Mìsítúrà Àjọkẹ́. Kò fi Ìyá kún un, kò fi Aunty kún un, àfi bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Mummy, ṣé ó pè é dáadáa?"

"Ó pè é."

Àsúmáù mú báàgì rẹ̀. Ẹ̀rọ ṣì ń pe orúkọ náà nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó sì jáde lọ láìwẹ̀yìn.