Ẹsẹ̀ Kan Nílẹ̀

“Fóònù rẹ dà? Mú un wá. Kó káàdì ìdánimọ̀ rẹ náà mọ́ ọn. Ọ̀gá fẹ́ kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ kí a tó dé ọ̀hún.”

Ọmọbìnrin náà kó méjèèjì lé ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun náà lọ́wọ́. Ọkùnrin náà pa fóònù, ó sì rọra tì í bọ àpò pẹ̀lú káàdì. Lórí bẹ́ǹṣì onírin ibùdókọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, lábẹ́ aago ńlá, ìyá aránṣọ kọjú síbòmíràn bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ti di etí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn ni òun àti ọmọ náà di ojúlùmọ̀, nínú bọ́ọ̀sì tó gbé àwọn méjèèjì wá. Ọmọ náà kò ju ogún ọdún lọ. Kò dé ìlú ńlá rí, bẹ́ẹ̀ ni ìyá aránṣọ náà kò dé ibẹ̀ rí. Lójú ọ̀nà ló ti ń ròyìn pé òun ríṣẹ́, pé òun fẹ́ máa tajà ní ṣọ́ọ̀bù ìpara kan, pé orí fóònù ni àwọn ti sọ gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n á sì fún òun ní yàrá. “Olúwa á fi sí ibi tó dáa,” ni ìyá aránṣọ wí, ó sì bó ọsàn kan fún un.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń jó irin ní ìlú náà ni òun ní tirẹ̀ wá kí. Ìgbà mẹ́ta ni ọmọkùnrin náà ti kìlọ̀ fún un. “Màmá, tí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀, abẹ́ aago ńlá tó wà ní ibùdókọ̀ ni kí ẹ jókòó sí. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ má tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn bá tiẹ̀ ní èmi ni mo rán òun, irọ́ ni. Ibí yìí kì í ṣe ilé o.” Ìyá aránṣọ sì ti ṣèlérí.

“Màmá, ẹ kú ewu ọ̀nà o,” ọkùnrin náà wí, ó tẹríba, ẹnu rẹ̀ ń kán oyin. “Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa mójú tó ọmọ wa.” Ó gbé báàgì ọmọ náà, wọ́n sì kọrí sí ẹnu géètì.

Ìyá aránṣọ jókòó. Ọ̀rọ̀ tí kò kàn án ni. Àbí? Nǹkan kan ṣáà ń gún un lọ́kàn, kò sì tètè mọ ohun tó jẹ́. Àfi ìgbà tí ọmọ náà bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan tó sì juwọ́ sí i ló tó yé e. Ẹni tó wá pàdé àlejò kò béèrè orúkọ àlejò. Kò béèrè bóyá ó ti jẹun. Fóònù ló kọ́kọ́ béèrè.

Ó dìde. Eékún rẹ̀ ké, òun náà ké sí orí rẹ̀ pé kó má sùn. Ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í bá a wò ó.

Mọ́tò eléérú kan ló dúró sí ìta géètì, wọn kò pa iná rẹ̀. Awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tó fi awò dúdú bojú. Ọmọbìnrin mìíràn jókòó sẹ́yìn, ní igun kejì, kò wo òkè, kò wo ilẹ̀kùn. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti wọlé nígbà tí ìyá aránṣọ dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí. Ojú rẹ̀ lọ sí inú ilẹ̀kùn náà. Ibi tó yẹ kí èèyàn ti máa ṣí i láti inú, ihò lásán ló wà níbẹ̀.

Ó na ọwọ́ di ilẹ̀kùn náà mú.

“Ẹ dúró ná! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo fẹ́ bá a dé ibi iṣẹ́ náà.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Kò sí àyè, Màmá.”

“Àyè wà. Ìdí mi kò tó bí ẹ ṣe ń wò ó.” Kí ẹnikẹ́ni tó fèsì, ó ti jókòó sí etí ìjókòó, ó ti fi ìbàdí ti ọmọ náà wọ inú, ó sì fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lórí ọ̀dà títì.

“Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín wọlé kí n ti ilẹ̀kùn.”

“Ẹsẹ̀ yìí kì í ká. Làkúrègbé ni.”

“Ẹ sọ̀kalẹ̀ nígbà náà!”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” ọmọ náà sọ sí i létí. “Ẹ má bà mí níṣẹ́ jẹ́.”

Ìyá aránṣọ kò wo ẹ̀yìn. Ojú ọkùnrin náà ló tẹjú mọ́. “Kí lorúkọ ọmọ yìí?”

“Kí lẹ wí?”

“Ẹ pe orúkọ rẹ̀, màá sọ̀kalẹ̀.”

Ọwọ́ ọkùnrin náà lọ sí àpò tó kó káàdì sí, ó sì dúró lágbedeméjì. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Awakọ̀ bú èébú kan, mọ́tò sún síwájú, ẹsẹ̀ ìyá aránṣọ ń wọ́ lórí ọ̀dà, sálúbàtà rẹ̀ yọ. Ó fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú, ó fi èkejì di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú ṣinṣin. Bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè kíkan kíkan.

“Ta ló ní kí ẹ dúró síbẹ̀ yẹn?” Ẹ̀ṣọ́ ibùdókọ̀ ni, ó ń sáré bọ̀.

Ọkùnrin náà gbá ìyá aránṣọ léjìká mú, ó sì fà á síta bí ẹni fa àpò. Ó ṣubú, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ náà, àwọn méjèèjì ló sì jọ nalẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ́ wọlé, ilẹ̀kùn dún gbàmù. Mọ́tò náà ti yà sí kọ́nà, òun pẹ̀lú báàgì, fóònù àti káàdì.

Ọmọ náà ló kọ́kọ́ dìde. “Oṣù márùn-ún ni mo fi wá iṣẹ́ yìí!” Omijé ń dà lójú rẹ̀. “Ta ló rán yín sí mi? Ṣé mo ní ẹ gbà mí ni?”

Àtẹ́lẹwọ́ ìyá aránṣọ ti bó. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀kùn náà kàn bàjẹ́ lásán ńkọ́? “Ó lè jẹ́ pé mo ṣì í,” ó wí níkẹyìn. “Bí mo bá ṣì í, ó dùn mí, a ó wá iṣẹ́ mìíràn. Bí n kò bá ṣì í ńkọ́?”

Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin rẹ̀ bá wọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Màmá! Kí ni mo wí? Kí ni mo wí fún yín? Mo wá yín títí, mo ti fẹ́ máa ké!”

“Bínú tó bá yá. Fún un ní fóònù rẹ, kó pe nọ́ńbà ara rẹ̀.”

Ọmọbìnrin náà pè é. Ìgbà àkọ́kọ́, kò lọ. Ìgbà kejì, kò lọ. Ní ìgbà kẹta, ó dún, ẹnìkan sì gbé e. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, èmi ni… Bẹ́ẹ̀ ni, sà… Wọn kì í ṣe ẹbí mi, sà.” Lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń gbọ́ nìkan. Ó gbọ́ fún ìgbà pípẹ́, omijé rẹ̀ sì ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé fóònù kúrò létí.

“Kí ló wí?” ìyá aránṣọ béèrè.

“Kò bínú. Ó ní iṣẹ́ mi ṣì wà ńlẹ̀. Ó ní àwọn wà lẹ́yìn ilé epo tó wà níwájú yìí.” Ó dá fóònù náà padà. “Ó ní kí n dá wá. Pé tí mo bá mú ẹnikẹ́ni dání, n kò ní rí nǹkan mi gbà.”

Ọmọ ìyá aránṣọ ló kọ́kọ́ mira. Ó mú sálúbàtà tó yọ wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ sí ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká máa relé,” ó wí jẹ́jẹ́. “Òun náà lè bá wa lọ. Ìyàwó mi wà nílé.”

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà kò kúrò lójú kan.

“Ọmọbìnrin tó jókòó nínú mọ́tò yẹn,” ó wí. “Mo kí i, kò dáhùn. Ó kàn ń mi orí sí mi ni. Mo rò pé ó ń gbéraga.”

Ẹ̀ṣọ́ náà na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí wọn. Ó ti fi bírò kọ nọ́ńbà mọ́tò náà síbẹ̀. “Àgọ́ ọlọ́pàá wà lódì kejì títì yìí,” ó wí. “Màá bá yín dé ibẹ̀.”

Ọmọbìnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì di apá ìyá aránṣọ mú kí wọ́n lè jọ sọdá.

“Ẹ jẹ́ ká yára, Màmá,” ó wí. “Wọ́n ṣì ń dúró dè mí.”