Ọpẹ́ Lẹ́yìn Pàṣán

Oúnjẹ ni Mojíbọ́lá gbé lọ fún ọmọ rẹ̀, Fèyísọ́lá, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílé àwọn arúgbó ní Dallas, tó fi ṣe kòńgẹ́ Mísì Harlow, òyìnbó tó kọ́ ọ níwèé l'Ọ́yọ̀ọ́ láyé ìjọba òyìnbó. Mísì a máa na àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ á bó, á ní kí wọ́n dúpẹ́ kí wọ́n tó na ọwọ́ kejì.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mojíbọ́lá já ọ̀pá ìtilẹ̀ arúgbó náà gbà, ó là á mọ́ ọn lọ́wọ́. Egungun ró, ẹ̀jẹ̀ bo bẹ́ẹ̀dì.

“Màámi, ẹ ó pa á.” Fèyísọ́lá dì í mú.

“Mísì, kí lẹ máa ń ní ká sọ?”



“Ẹ ṣeun, mà,” ni arúgbó náà wí, ó sì na ọwọ́ kejì.