Àwọ̀ Ewé Lórí Irun Funfun

Irun Màmá Zipporah ti di àwọ̀ ewé. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Iwájú orí, níbi tí ewú ti pọ̀ jù, ló yí padà bí etí kànga àtijọ́. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Ọ̀wọ̀, aṣọ ìnura wà léjìká rẹ̀, dígí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Oyèkẹ́, wò ó. Wò ó dáadáa."

Oyèkẹ́ wò ó. Òun ló ń ṣe ọṣẹ dúdú tí obìnrin náà fi ń fọ irun. Òun ló ń gún ewúro àti efinrin tó ń pò mọ́ ọn. Òun náà ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi pa dáì tì, dáì tó ti ń bó o lórí láti ìgbà tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ọ̀la sì ni ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọkọ Màmá, Bàbá Oyèníyì, yọjú lójú fèrèsé. "Zipporah, má gba ọ̀dọ̀ àwọn ewúrẹ́ Gbọ́lá aládùúgbò wa kọjá o. Wọ́n á jẹ ọ́ tán."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre!" Màmá yíjú sí Oyèkẹ́. "Dáì mi ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Tí irun yìí kò bá funfun kó tó di ìrọ̀lẹ́, màá kùn ún, màá sì sọ fún gbogbo Ẹgbẹ́ Ìyá pé ewé rẹ ló sọ mí dà báyìí."

"Kì í ṣe ewé, mà."

"Kí ni, nígbà náà?"

"N kò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ewé."

Ó dá a lójú. Ó ti fi omi ewúro rẹ aṣọ funfun rí, ó sá a sóòrùn. Kò pẹ́ tí àwọ̀ ewé náà fi pọ́n bí omi tíì. Èyí tó wà lórí Màmá kò ṣí rárá. Bó ṣe ń rìn lọ sílé, ó ń tú ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń tú irun tó ta kókó. Àdín, ti tẹ́lẹ̀ ni. Ewé, ti tẹ́lẹ̀ ni. Eérú...

Ó dúró. Èèpo kòkó láti oko ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ute ló máa ń sun fún eérú ọṣẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, Akínfẹ́mi, àgbẹ̀ kan ní Okeluse, ló kó èèpo fún un.

Àpò kan ṣì kù nílé ìdáná. Ó dà á sílẹ̀. Àbàwọ́n búlúù wà lára àwọn èèpo náà, bí ìgbà tí aró bá ta sí wọn. Ó pe Akínfẹ́mi lórí fóònù.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ fín oògùn sí kòkó yín ni?"

"Pẹ̀lú òjò yìí? Ta ni kò ní fín in? Ó máa rà mọ́ igi ni! Kí ló dé?"

"Ó ti dé orí irun ènìyàn."

Akínfẹ́mi bú sẹ́rìn-ín. "Kòkó ni mo fín o. N kò fín irun ẹnikẹ́ni!"

Kẹ́mísírì tó kà ní Pólì ti kọ́ ọ pé bàbà wà nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀. Iná jó èèpo, kò lè jó bàbà. Bàbà wà nínú idẹ náà. Ó wá rántí ẹ̀gbà idẹ tí bàbá rẹ̀ àgbà máa ń wọ̀ nígbà ọdún Ìgógó. Kí ọdún tó yí po, ìpẹtà aláwọ̀ ewé á ti bò ó. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́.

Ó padà sílé Màmá, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀ sórí Màmá Zipporah, ó ń fi ìka ra irun náà. Omi tó ń ṣàn sínú abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í láwọ̀. Nígbà tó fi oje ewé etí erin, tó ń mú irun rọ̀, pa á tán, ewú náà funfun bí òwú.

"Ewúrẹ́ ti pàdánù," Bàbá Oyèníyì wí.

Màmá gbé dígí. "Gèlè ni màá sáà wé lọ́la. Kò sẹ́ni tó máa rí i." Ṣùgbọ́n kò gbé dígí náà sílẹ̀. "Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi nìkan? Ìyàwó Boniface ń lo ọṣẹ yìí. Àwọn ọmọ Pólì náà ń lò ó."

Oyèkẹ́ la ẹnu láti sọ pé kò ṣe tiwọn ní nǹkan kan. Ó tún pa á dé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Irun tiwọn dúdú ni, àwọ̀ ewé kò lè hàn lórí rẹ̀.

Ó nu ọwọ́, ó mú fóònù.

"Ìyàwó Boniface, ẹ káàsán mà. Ọṣẹ tí mo ṣe fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ irun mọ́. Mò ń bọ̀ wá gbà á."

Màmá Zipporah gbé dígí sórí itan. Ó ti àwọn ọsàn wẹ́wẹ́ tó kù sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Oyèkẹ́, kó lè mú wọn dání lọ.