Ẹyin Tó Ti Sán

"Má fọwọ́ kan ìyá mi!"

Àsàmáù já abọ́ ẹ̀kọ gbà lọ́wọ́ Safinat, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó dà á sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. "Májèlé tó o kọ́kọ́ fún wọn ò tíì tó ọ, àbí? Àgàn tí í jowú ọmọ ọlọ́mọ!"

Safinat bẹ̀rẹ̀, ó ń nu ẹ̀kọ náà nílẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń mí gúlegúle lórí bẹ́ẹ̀dì, omi ń wọ iṣan rẹ̀ lọ. Àwọn tó jẹun níbi wolimọ ọmọ Àsàmáù ló kún wọ́ọ̀dù náà ní Ìkàrẹ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti sọ wọ́n di jọwọrọ. Safinat ló sì se oúnjẹ náà.

Eunice, nọ́ọ̀sì, wọlé. "Ẹ yé pariwo májèlé. Àyẹ̀wò ti jáde. Kòkòrò àìfojúrí ni, sàmónẹ́là. Ara adìyẹ àti ẹyin tí ò jinná ló máa ń wà. Ẹyin ibo lẹ lò?"

Kí Safinat tó lanu, Muhydeen, ọkọ rẹ̀, ti fà á lápá jáde. Òun ló ni oko adìyẹ ní Ìwàrò-Ọ̀kà, níbi tí òun àti Safinat ń gbé. Òun ló kó àwọn ẹyin tó ti sán wá, tó ní dandan, kí Safinat lù wọ́n ní tútù mọ́ òróró, kó fi po sàláàdì.

"Wí pé ọjà lo ti rà á."

"Irọ́ nìyẹn, Alaaji."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti oko mi pa ni? Bó o bá dárúkọ mi, má padà sílé mi. Kí lo tilẹ̀ bí fún mi?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló bèèrè. "Àwọn ẹyin tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbé wọn lọ sílé ìwé Àjọwá láàárọ̀. Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Safinat já ara rẹ̀ gbà, ó padà sí wọ́ọ̀dù, ó pe obìnrin tí ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé náà lórí fóònù. "Màámi Theresa, ẹ má se ẹyin tí Alaaji gbé wá o! Ẹyin oko wa ló dá gbogbo ilé dùbúlẹ̀ síbí."

"A ò tíì fọ́ ìkankan. Yéè! Ọlọ́run ṣeun."

Gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́. Eunice bèèrè ojú ọ̀nà oko, Safinat júwe rẹ̀ fún un.

Àsàmáù tutọ́ sílẹ̀. "Ọ̀dàlẹ̀! Àbúrò mi lo fẹ́ bà jẹ́." Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Safinat. Muhydeen dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó bí ẹni tí yóò gbé e mì.

Safinat lọ sí gáréèjì, ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀bà, níbi tí ìyá tó bí i wà. Nígbà tí wọ́n dé Ìwàrò-Ọ̀kà, awakọ̀ bèèrè bóyá ẹnì kan fẹ́ sọ̀.

Safinat dákẹ́. Ọkọ̀ kọjá.