Ahọ́n Erin Inú Ìgò

“Ta ló gé wọn báyìí?” ni Ìdíátù ń bi ara rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ahọ́n erin mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún tó tò sẹ́sẹ̀ ògiri, kò ku ewé kan lórí wọn. Omi yẹ́lò ń sun jáde lójú ibi tí ọ̀bẹ ti bà wọ́n, eṣinṣin sì ti pé lé e.

Kì í ṣe ahọ́n erin tí àwọn obìnrin fi ń para nìwọ̀nyí o. Ẹwà ni tiwọn wà fún. Ewé wọn tóótòòtó bí ìyẹ́ ẹtù, etí wọn pọ́n. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Ìdíátù fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbé àtíkè inú òdòdó kan sínú òmíràn. Nígbà tí èso wọn gbẹ, tó sì là, ó kó hóró rẹ̀, tó fúyẹ́ bí èépo ìrẹsì, ó gbìn ín sínú iyanrìn àti èédú tó pò pọ̀ nínú abọ́ oníke. Ó fi ìdérí bò wọ́n, ó ń wọ́n omi sí wọn díẹ̀díẹ̀, torí bí omi bá pọ̀, jíjẹrà ni. Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n yọrí bíi koríko. Nínú igba hóró, mẹ́tàdínlógún ló dàgbà, kò sì sí méjì tó jọra.

Òórùn ààtàn Solous fẹ́ wọlé, bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn òjò ní Ìgàndò. Ṣùgbọ́n òórùn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ó korò, ó sì ń bọ̀ láti ilé ìdáná.

Táyéwò, ọkọ rẹ̀, ló bá níbẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí láìwọ ẹ̀wù, ó ki apá bọ inú báàkẹ́tì dé ìgúnpá, nǹkan tútù kan ń fà yọ̀ọ̀ láàárín ìka rẹ̀. Àwọn ìgò ike tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹrẹ̀ ṣì wà nídìí òmíràn.

“Bàbá Qonitah, kí lẹ̀ ń ṣe?”

“Oògùn ni, jàre. Ahọ́n erin, kò sí ohun tí kì í wò. Wọ́n ń já a gbà lọ́wọ́ mi ní ibùdókọ̀ Command.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Ewé ìsàlẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń já, o ò fura.”

“Èyí tí mo gbìn kì í ṣe ti oògùn! Èmi tí mo gbìn ín gan-an, mi ò jẹ́ fi kan ẹnu.”

“Gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ́ ahọ́n erin.”

“Àwọn ìgò yìí ńkọ́?”

“Àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn ló kó o wá. Mo ti fomi ṣàn wọ́n.”

Ìdíátù nàka sí ìgò kan. Ìdin kan ń yí nínú rẹ̀. Táyéwò gbọn ìgò náà títí ìdin fi bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa, ó sì dá ìgò padà sáàárín àwọn yòókù. Ìdíátù ti báàkẹ́tì náà sún mọ́ ọn.

“Ẹ bù díẹ̀ mu lójú mi.”

“Èmi?” Táyéwò rẹ́rìn-ín. “Kí ló ń ṣe mí? Hope tó mu ún láàárọ̀, ṣé ó kú ni?”

Hope ni ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá iwájú. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje.

“O gbé e fún aboyún mu?”

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Ìdíátù fi ń pe ọkọ rẹ̀ ní “ẹ”. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ pé ó ti yí padà.

“Ó ní òun ò rí ìgbẹ́ yà, mo bá a wá nǹkan ṣe sí i.” Táyéwò dìde, ó di apá Ìdíátù mú. “Rọra sọ̀rọ̀, àbí o fẹ́ kí aráalé gbọ́ ni?”

Ọwọ́ náà tutù, ó ń yọ̀. Ìdíátù já ara rẹ̀ gbà. Kì í ṣe ewé tí wọ́n gé ló dùn ún mọ́. Ọkùnrin yìí mọ ohun tí kò lè fi sẹ́nu ara rẹ̀, ó sì gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó mú ìgò kan, ó wé e sínú ọ̀rá, ó jáde.

Ó bá Hope tó ká jọ sórí ẹní, òógùn bò ó.

“Mọ́mì, inú ń run mí. Ìgbà kẹjọ rèé tí mò ń lọ sí ṣálángá.”

“Dìde, ọmọ mi. Fara tì mí.”

Bí wọ́n ṣe ń wọ kẹ̀kẹ́, Táyéwò sáré jáde. “Ìyá Qonitah, bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri o!”

Ìdíátù ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa lọ.

Ní ọsibítù, wọ́n fa omi sí Hope lára. Nọ́ọ̀sì fetí sí ikùn rẹ̀ títí, kó tó mi kanlẹ̀.

“Ọkàn ọmọ ń lù. Ẹ tètè gbé e dé. Ta ló fún un ní nǹkan yìí?”

Hope wojú Ìdíátù, ó sì yíjú sí nọ́ọ̀sì. “Ẹnì kan ló ń kiri—”

“Rárá,” ni Ìdíátù wí. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ sórí tábìlì. “Ọkọ mi ló ṣe é. Táyéwò lorúkọ ẹ̀. Ó sì ti ń tà á ní Command láti ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.”

Nọ́ọ̀sì mú bírò, ó bèèrè àdírẹ́ẹ̀sì ilé, Ìdíátù sì kà á fún un.

“Ṣé ibẹ̀ lẹ̀yin náà ń gbé, mà?”

Ìdíátù wo apá rẹ̀, níbi tí omi ewé ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára.

“Ibẹ̀ ni mò ń gbé,” ló dáhùn, “títí di òní.”